Fílọ́ọ̀ṣì àbí oògùn onídíẹ̀díẹ̀: èwo ni kẹ́ ẹ dà sínú ẹ́ńjìnì tí wọn ò tọ́jú?

Oògùn méjèèjì ló wà fún fífọ ìdọ̀tí inú ẹ́ńjìnì: fílọ́ọ̀ṣì ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, onídíẹ̀díẹ̀ ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń wa ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá ra ọkọ̀ tọ́wọ́ ti lò tẹ́ ẹ ò sì mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí ọ́ìlì kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹ̀. Tó bá kàn pupa rẹ́súrẹ́sú, èyí tó wù yín nínú méjèèjì ẹ rà á. Tí ìdọ̀tí bá ti ṣù síbẹ̀ bí ọṣẹ dúdú, ẹ fara balẹ̀ ka ìyókù.

Fílọ́ọ̀ṣì, irú Engine Flush ti Liqui Moly, inú ọ́ìlì àtijọ́ lẹ máa dà á sí, ẹ́ńjìnì á máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ ò gbọdọ̀ wà á, ẹ ò gbọdọ̀ tẹná torí ó máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn jù, lẹ́yìn náà ẹ da gbogbo ẹ̀ nù. Onídíẹ̀díẹ̀, irú Marvel Mystery Oil, ẹ lè pò ó mọ́ ọ́ìlì tuntun kẹ́ ẹ máa wa ọkọ̀ yín lọ.

Tó bá jẹ́ ká tètè parí, fílọ́ọ̀ṣì ló yá. Tó bá jẹ́ ti owó, onídíẹ̀díẹ̀ máa ná yín sí i díẹ̀, torí fílítà tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ láàárín.

Àmọ́ ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni asẹ́. Asẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, lẹ́nu páìpù tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì, ó sì ṣáájú fílítà, ìyẹn ni pé kò sí fílítà tó lè gbà á sílẹ̀. Tí fílọ́ọ̀ṣì bá já ìdọ̀tí ọdún gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń yọ́, èyí tó já ní wóróbo ń lọ dí asẹ́ yẹn. Bó ṣe ṣe ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ ní nìyẹn. Mẹkáníìkì fọ̀ ọ́, ẹ́ńjìnì pa rọ́rọ́, gbogbo wa dunnú, kò pẹ́ sígbà yẹn iná ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn tọ́kọ̀ bá ti gbóná tó sì dúró, ká tó tú ìsàlẹ̀ ẹ̀ wò béárìn ti jẹ, ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì. Ẹ́ńjìnì míì ni mo rà, ó sì dùn mí wọra.

Èyí tí mò ń wà báyìí, onídíẹ̀díẹ̀ ni mo lò fún un. Ọ́ìlì tó jáde dúdú kirikiri, ariwo ta-ta-ta tó máa ń pa láàárọ̀ sì rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ti jíjò: méjèèjì lè tú àṣírí síìlì tó ti gbó. Ti rínǹgì, ìyẹn irin róbótó tó yí pístìnnì ká: tó bá jẹ́ pé ó lẹ̀ mọ́ra ni, ó lè tú, tó bá ti jẹ, kò sóògùn fún un.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra fílọ́ọ̀ṣì, ó dáa fún ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ lásìkò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀. Fún èyí tí wọn ò tọ́jú, onídíẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ní kìlómítà 1,000 sí 1,500, ẹ má dúró de 5,000. Tí ìdọ̀tí bá wá pọ̀ gan-an, ẹ ní kí mẹkáníìkì tú ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnì kó fọwọ́ fọ asẹ́ yẹn kẹ́ ẹ tó da ohunkóhun sí i. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá lò, tí iná ọ́ìlì bá tàn, ẹ pa ọkọ̀ níbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ má wà á délé.