Polyester mẹ́rin, bàbá kan ṣoṣo: èwo ni kí ẹ rà?

Lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rán mọ́ ọrùn aṣọ á kọ "polyester 100%", ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Kò ní sọ irú polyester tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè ra ṣòkòtò méjì tí wọ́n jẹ́ polyester pátápátá, kí ọ̀kan máa nà tẹ̀lé orúnkún, kí èkejì gan bíi páálí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó fà á kí ẹ tó sanwó.

Ohun méjì ni wọ́n ń sè pọ̀ kó tó di polyester: ásíìdì kan, àti ìbátan ọtí kan tí wọ́n ń pè ní glycol. Ọwọ́ méjì-méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Nínú ooru, ọwọ́ ásíìdì á di ọwọ́ glycol mú, omi díẹ̀ á jáde, oríkèé tó so wọ́n pọ̀ níbẹ̀ ni ester. Ọwọ́ kejì náà á tún di òmíràn mú, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gùn lọ títí yóò fi di ẹ̀wọ̀n. Wọ́n á wá yọ́ ọ, wọ́n á tì í gba ihò tín-ín-rín, wọ́n á fà á gùn, ó di fọ́nrán nìyẹn.

Àwọn mẹ́rin tí mo fẹ́ fi wéra yìí, ásíìdì kan náà ló bí wọn: terephthalic acid, tí wọ́n ń rí lára epo rọ̀bì. Òun ni bàbá. Glycol ni ìyá, ibẹ̀ sì ni ìyàtọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọbàkan ni PET, PTT, PBT àti PCDT. Tí ẹ bá mọ ìyá wọn, ẹ ti mọ ìwà wọn.

PET ló pọ̀ jù lọ; tí ẹnikẹ́ni bá kàn sọ pé polyester, òun ló sábà máa ń ní lọ́kàn. Ethylene glycol ni ìyá rẹ̀, kò ní ju kábọ́ọ̀nù méjì lọ. Bàbá le, ìyá kúrú, ọmọ sì le. John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson ló kọ́kọ́ ṣe é, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1941. Wallace Carothers ti ń ṣe polyester ní Amẹ́ríkà ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n ásíìdì tó lò kò ní òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà tó wà láàárín terephthalic, nítorí náà ohun tó rí tètè ń yọ́ jù fún aṣọ. Òrùka yẹn ló jẹ́ kí PET máa dúró títí di nǹkan bíi 260°C kó tó yọ́.

Ẹ rà á fún aṣọ tó gbọ́dọ̀ lágbára, tí kò gbọ́dọ̀ rún, tó sì gbọ́dọ̀ tètè gbẹ. Ẹ má rà á fún ooru tí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń làágùn. Nínú afẹ́fẹ́ lásán, òwú lè fa omi tó tó 8 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀; PET ò fa tó ìdajì 1. Òógùn yín á wà lára yín ni. Èyí tí wọ́n fi ike omi tí wọ́n yọ́ ṣe ńkọ́? PET náà ni, torí PET ni ike omi ọ̀hún láti ilẹ̀. Ó dára pé wọ́n tún un lò, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé kó tutù lára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kábọ́ọ̀nù mẹ́ta ni ìyá PTT ní. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í nà gbọọrọ, ó máa ń ká kọrọ bíi sípíríǹgì. Tí ẹ bá tẹ kápẹ́ẹ̀tì PTT mọ́lẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò kí ẹ wo bó ṣe ń dìde padà. Ti PET máa ń sùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ pọ̀ sí. PTT tún rọ̀, ó sì ń gba aró ní nǹkan bíi 100°C, níbi tí PET ti ń fẹ́ bíi 130°C pẹ̀lú ìkòkò alágbára. Fún kápẹ́ẹ̀tì, èmi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Láti 2009 ni wọ́n ti fàyè gbà á ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa pè é ní "triexta" lórí lébẹ́ẹ̀lì, ẹ wá orúkọ yẹn.

PBT ní tirẹ̀, kábọ́ọ̀nù mẹ́rin. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Chlorine inú omi máa ń jẹ rọ́bà spandex títí á fi dẹ̀, ṣùgbọ́n PBT ń fara dà á, ó sì ń nà díẹ̀. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ni kó rà.

PCDT kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀. Ìyá tirẹ̀ náà ní òrùka. Kò lágbára tó PET, ṣùgbọ́n ó ń wú, ó sì ń padà bọ̀ sípò, ó dára fún kọ́tìnì àti ohun tí wọ́n ń kì sínú ìrọ̀rí.

Gbogbo wọn ló ń bẹ̀rù áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Mo ti ba búláòsì kan jẹ́ rí: áyọ́ọ̀nù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ aṣọ òwú ni mo gbé lé e. Kò jó, kò rú èéfín, ojú ibẹ̀ kàn ń dán bíi ọ̀rá ni, kò sì kúrò mọ́. Epo ara náà tún máa ń lẹ̀ mọ́ wọn, òórùn ò sì ní tètè lọ, ẹ má jẹ́ kí aṣọ tí ẹ fi làágùn pẹ́ nílẹ̀.

Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì pé polyester ni, ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú etí ìṣẹ́po, ẹ fi iná kàn án. Òwú á jó bíi bébà. Polyester á sá fún iná, á ká jọ, á yọ́, tó bá sì tutù á di kóró dúdú tí èékánná ò lè fọ́. Iná ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láàárín ara wọn. Èyí tí ọwọ́ lè ṣe ni pé kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì na aṣọ náà, kí ẹ jù ú sílẹ̀. Tó bá padà lójú ẹsẹ̀, tí lébẹ́ẹ̀lì ò sì dárúkọ spandex, ó ṣeé ṣe kí PTT tàbí PBT wà nínú rẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á.