Ẹ̀rọ tí mo fi ń dán òkúta wò: ẹ rà á, àmọ́ ẹ má gba nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń lo ẹ̀rọ àfọwọ́tẹ̀ yìí, èyí tó ní orí ṣóńṣó méjì tó dojú kọra, tí a máa ń fi òkúta há sí àárín wọn títí òkúta á fi là, ká lè mọ bó ṣe lágbára tó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ nǹkan kan wà lára rẹ̀ tó lè ṣi èèyàn lọ́nà, òun ló jẹ́ kí n kọ èyí.

Kò béèrè iná, bátìrì kékeré ló ń lò. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gé òkúta kó dán, bó ṣe wà náà lẹ máa fi sí i. Orí ṣóńṣó rẹ̀ jẹ́ digírì 60, ẹnu rẹ̀ sì rí róbótó, bí International Society for Rock Mechanics, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa agbára òkúta, ṣe là á sílẹ̀ ní 1985. Mo tún wọn ẹnu yẹn lóṣù tó kọjá, kò tíì jẹ rárá. Pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í já lu èèyàn lọ́wọ́, ó sì rọrùn láti mú kí òkúta là láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 60, bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é.

Ẹ fetí sí i nígbà tó bá kù díẹ̀. Táà. Á dákẹ́. Táà, táà. Lẹ́yìn náà, gbàù! Àwọn ariwo wínníwínní yẹn ni òkúta tó ń sán nínú lọ́hùn-ún. Èyí tó kéré máa ń pọ̀, ńlá máa ń ṣọ̀wọ́n, bí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́: ní ọ̀pọ̀ ibi, tí òṣùwọ̀n ìmìtìtì bá fi ẹyọ kan ga sí i, iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ á já wá sí bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ní 1962, Kiyoo Mogi, onímọ̀ nípa ìmìtìtì ilẹ̀, fi irú ariwo bẹ́ẹ̀ ṣèwádìí ní Japan. Títí dòní, ara mi ṣì máa ń dìde tí mo bá gbọ́ ọ.

Wàyí o, ojú dígí rẹ̀, níbi tó ti ń kọ iye agbára tí òkúta kọ̀ọ̀kan fi là. Tẹ́ ẹ bá fọ́ òkúta mẹ́wàá, á yọ iye méjì tó ga jù àti méjì tó kéré jù kúrò, á sì fún yín ní àròpín àwọn tó kù. Òfin ló tẹ̀ lé, mi ò bá a wí síyẹn. Ohun tó dùn mí ni pé tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn, á pa gbogbo iye ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ló bá mi lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ojú ibi tó ti sán díẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òkúta, dígí àti amọ̀ sísun ti máa ń là. Waloddi Weibull, ará Sweden, ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 1939: bíi ṣéènì ni wọ́n rí, oríkèé tí kò lágbára jù ló máa já. Torí náà, òkúta tí iye rẹ̀ kéré jù, tí ẹ̀rọ yìí yọ sọ nù, òun ló jọ èyí tó máa kọ́kọ́ fọ́ lábẹ́ ẹrù.

Ní báyìí, ìwé ni mo ń kọ gbogbo iye sí, ó kéré tán ọgbọ̀n òkúta. Màá tò wọ́n láti orí kékeré dé ńlá, màá fi wọ́n ya àwòrán bí Weibull ṣe ní ká yà á, màá wá wo bí ìlà rẹ̀ ṣe dagun tó; iye yẹn ni wọ́n ń pè ní m. Bí agbára àwọn òkúta bá ṣe sún mọ́ra tó, bẹ́ẹ̀ ni m á ṣe pọ̀ tó. Òkúta méjì lè ní àròpín kan náà kí m wọn má dọ́gba. Ẹ sọ òkúta di ìlọ́po méjì ní gígùn, fífẹ̀ àti gíga: bí m bá jẹ́ 10, agbára rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù; bó bá jẹ́ 5, á fi bí 34 dín kù. Àròpín kò lè sọ èyí fún yín láéláé.

Ẹ wo ojú ibi tó ti là pẹ̀lú. Tí kò bá gba ẹnu ṣóńṣó méjèèjì kọjá, ẹ má ṣe kà á. Àwọ̀n iwájú rẹ̀ kúrú, ẹ wọ awò ààbò.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é pé kí ẹ̀rọ náà máa tọ́jú gbogbo iye. Títí wọ́n á fi dáhùn, ìwé mi ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.