“E ma fun omo ni omi”: Oṣù mẹ́jọ tí mo ti wà nínú ètò ìtọ́jú ọmọ-ọwọ́ orí fóònù

Àtẹ̀jíṣẹ́ tó jẹ́ kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí, nípa ètò tó ń fi ìmọ̀ràn ìtọ́jú ọmọ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn ìyá, kò ju ìlà méjì lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kejì ló wọlé, nígbà tí ọmọ wa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i nìyí: “Iya omo, e ku itoju. E ma fun omo ni omi titi yoo fi pe osu mefa.” Èmi kà á sí “ẹ má”, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Màmá mi, tí wọ́n wá láti Ìkọ̀lé-Èkìtì láti bá wa wẹ ọmọ, tí wọ́n sì ti ń bá ìyàwó mi fa ọ̀rọ̀ omi láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n fi awò sójú, wọ́n sì kà á sókè ketekete: “Ẹ máa fún ọmọ ní omi títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà.” Wọ́n wo èmi àti ìyàwó mi lójú. “Ṣé ẹ ti gbọ́ báyìí? Àwọn dókítà yín náà ló sọ ọ́.” Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ife àti ṣíbí ti dé ọwọ́ wọn.

Ó yẹ kí n sọ bí wọ́n ṣe gba orúkọ wa sínú ètò náà, nítorí pé ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn tí a ń lò ní Adó-Èkìtì, èmi ni mo sì gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà torí pé ìyàwó mi ní ìdánwò lọ́jọ́ náà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ìyá tó ń gbe orin tí nọ́ọ̀sì ń dá, ọmọ lápá, àpò ìlédìí léjìká, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ méjì tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé gba àárín wa kọjá pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. “Nọ́ńbà fóònù yín?” ni gbólóhùn àkọ́kọ́. Nígbà tí mo bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, èyí ọkùnrin dá mi lóhùn pé bí n kò bá fún wọn, wọn kò ní lu káàdì ọmọ mi lóǹtẹ̀. Irọ́ gbáà ni. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹni tó bá wù ló ń wọ ètò náà, àti pé kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú abẹ́rẹ́.

Nọ́ńbà ìyàwó mi ni wọ́n fẹ́, àmọ́ wọ́n ti ti láìnì rẹ̀ pa nígbà tí wọ́n ń ti àwọn tí wọn kò tíì so mọ́ NIN, mo bá ní kí wọ́n kọ tèmi. Èyí obìnrin wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ títí, ó ní kò sí àyè bàbá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín: “Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n kàn kọ yín sí ìyá.” Ó sì kọ mí sí ìyá. Ó ṣèlérí káàdì ìpè igba náírà, tí n kò tíì fojú rí di òní. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé ó ku mẹ́rìnlá kí iye tòun pé fún ọjọ́ náà. Mo wá mọ̀ pé orí ni wọ́n wá kà.

Láti ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kọ́ mi bí n ó ṣe máa tọ́jú orí ọmú tó bá bó. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní yàrá àwọn olùkọ́ rí ọ̀kan lójú fóònù tí mo fi sórí tábìlì, Ìyá Tísà sì ni orúkọ mi níbẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. N kò bínú sí ẹ̀sín. Ohun tó ń dùn mí ni pé nínú ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, bàbá ló ń yọ owó ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló sì máa ń sọ pé kí wọ́n má gbé ọmọ lọ mọ́ nítorí pé abẹ́rẹ́ tó kọjá mú kí ara rẹ̀ gbóná. Ẹni tó yẹ kí wọ́n bá sọ̀rọ̀ gan-an ni fọ́ọ̀mù wọn kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ omi ṣẹlẹ̀, mo pe nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Orin ni mo gbọ́ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá kó tó já. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan gbé e, ó wo inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ìyá ọmọ ló wà níwájú òun, kí n jọ̀ọ́ gbé fóònù fún un. Mo ní èmi ni. Ó ní ohùn ọkùnrin ni òun ń gbọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn ọkùnrin ni. Ó ní nígbà náà òun kò lè bá mi sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà. N kò lè kọ ohun tí mo sọ síbí.

Ọjọ́rú ni obìnrin kan pè mí padà. Nọ́ọ̀sì ni, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ará Ìjerò létí mi. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo ohun tó ń dùn mí tán kó tó ṣàlàyé pé àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò ní àmì ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lè fi “ẹ” tàbí “ọ” kan ṣoṣo sí i, 70 péré ni yóò gbà, ọ̀kan á di méjì tàbí mẹ́ta, owó rẹ̀ á sì lé sí i. Mo ní kí wọ́n kúkú kọ “E ko gbodo fun omo ni omi”, nítorí pé kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ka ìyẹn sódì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé fóònù fún màmá mi. Kò bá wọn jiyàn rárá. Ó kí wọn kú ọwọ́ lómi, ó bèèrè bí wọ́n ṣe ń sùn, ó jẹ́ kí wọ́n ròyìn ooru oṣù náà tán, kó tó wá sọ pé omi ló pọ̀ jù nínú ọyàn, pé bí òǹgbẹ bá ń gbẹ ọmọ kí ìyá rẹ̀ túbọ̀ fún un lọ́yàn, àti pé omi tí a bá fi kún ikùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kó mu ọyàn tó, bí kò bá sì mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló máa fà. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Màmá mi gbé fóònù padà fún mi, wọ́n ní, “Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ í sọ.” Ife àti ṣíbí padà sí ilé ìdáná.

Nọ́ọ̀sì náà ló yí wa kúrò lórí àtẹ̀jíṣẹ́ sí ìpè, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ìpè náà dára. Ní aago méje alẹ́, obìnrin kan á fi Yorùbá tó já geere sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ó dún ní alẹ́ tó ṣáájú abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó dún fún ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ó tún dún fún Vitamin A ní oṣù mẹ́fà. Màmá mi a máa fi sípíkà gbọ́ ọ, wọ́n a sì máa dá a lóhùn bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn.

Oṣù kẹsàn-án ló mú mi dákẹ́ ìbínú. Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ rí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni àwọn abẹ́rẹ́ tó tẹ̀lé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń wá, tí ẹsẹ̀ ẹni ti mọ ọ̀nà. Lẹ́yìn ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, ó di oṣù mẹ́sàn-án kí ti èéyi, ibà pọ́njú àti yírùnyírùn tó kàn. Nígbà náà ọmọ ti ń rá, ara rẹ̀ le, káàdì ti wọ ìsàlẹ̀ àpótí. A ti gbàgbé pátápátá. Orí ìlà epo ni ìpè náà ti bá mi.

Ní ọjọ́ kejì mo rí ohun mìíràn. Ọmọ mẹ́wàá ni ìgò abẹ́rẹ́ èéyi kan wà fún, bí wọ́n bá sì ti po ó, wọn kò gbọdọ̀ lò ó kọjá wákàtí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń lọ́ra láti ṣí ìgò nítorí ọmọ méjì, tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì fi padà sílé lófìfo lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Lọ́jọ́ tiwa, a ti pé mẹ́sàn-án kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Nọ́ọ̀sì béèrè pé, “Ta ló gba ìpè lálẹ́ àná?” Ẹni márùn-ún nawọ́. Èmi náà nawọ́, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, mo fi orúkọ àbúrò mi tó bímọ ní Ìkọ̀lé sílẹ̀ fúnra mi, mo sì fún wọn ní nọ́ńbà ọkọ rẹ̀. Wọ́n kọ òun náà sí ìyá. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún.