Skírìn mọ́tò tó ń ṣàdédé ṣú: ká tún un ṣe ni àbí ká ra Android?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tòkunbọ̀, tí skírìn rédíò mọ́tò yín bá ń ṣàdédé ṣú dùdù, ohun tí rẹ́wáyà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ lọ ra Android, ìyẹn rédíò mọ́tò onískírìn tó ń ṣiṣẹ́ bíi fóònù Android, ní Ládípọ̀. Ẹ má tíì lọ o! Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí i ná: tó bá ṣú ṣùgbọ́n orin ṣì ń lọ, iná ẹ̀yìn skírìn tàbí wáyà pẹlẹbẹ inú ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, àmọ́ tí orin náà bá kú pọ̀ mọ́ ọn, ó jọ pé iná ò dé ibẹ̀ dáadáa nìyẹn, ẹ yẹ fíùsì àti wáyà ground (èyí tí wọ́n so mọ́ irin ara mọ́tò) wò, kẹ́ ẹ sì wọn bátìrì, bíi 12.6 volt ló yẹ kó wà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, bíi 14 tó bá ń ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, bọ́tìnnì orí sitiarín àti kámẹ́rà ẹ̀yìn á máa ṣiṣẹ́ lọ bó ṣe wà.

Android dùn lóòótọ́, skírìn ẹ̀ fẹ̀, máàpù ń hàn ketekete. Wáyà ẹ̀ ni wàhálà: yẹ́lò fún bátìrì tààrà, pupa fún iná tó ń wá tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, dúdú fún ground. Tí wọ́n bá kàn lọ́ wọn pọ̀ tí wọ́n fi téèpù wé e, gbígbọ̀n títì á tú u, tuntun náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Èmi o, títúnṣe ni màá kọ́kọ́ ṣe. Àfi tí skírìn bá ti fọ́ ni mo máa ra Android, màá sì dúró ti rẹ́wáyà títí á fi sódà gbogbo wáyà yẹn, ìyẹn ni pé kó fi lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀.