Fíìdì pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí mo ń rà ní Sábó, Ìkòròdú: ó dáa o, àmọ́ ẹ yẹ ìdí báàgì wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin búrọ́ílà, ìyẹn adìyẹ ẹran, mo ti lo fíníṣà (oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kí wọ́n tó tó tà) oníhóró tí wọ́n ń pè ní pẹ́lẹ́ẹ̀tì yìí débi tí mo lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ báyìí. Máàṣì, ìyẹn oúnjẹ lílọ̀ tí wọn ò tẹ̀ di hóró, ni mo ń lò tẹ́lẹ̀, mílì kan ní Odogunyàn ló ń lọ̀ ọ́ fún mi, ohun tí wọ́n pò sínú ẹ̀ ò burú rárá, wàhálà ibẹ̀ ni pé adìyẹ máa ń ṣà á jẹ. Ẹ dúró ti fídà tí wọ́n ti ń jẹun kẹ́ ẹ wò wọ́n dáadáa, wọ́n á fẹnu tú u, wọ́n á ṣa àgbàdo tó rí gbànku, ìyẹ̀fun tí premix (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà) àti lysine (èròjà tó ń mú ẹran ara dàgbà) wà nínú ẹ̀ á wá kù sílẹ̀ fáwọn tí ò lágbára, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa rí i pé inú agbo kan náà, àwọn kan ti tó tà, àwọn kan ò tíì kúrò nílẹ̀. Èyí tó lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, inú dríńkà ni wọ́n ń lọ ṣàn án sí, omi á wá ki bí ògì.

Pẹ́lẹ́ẹ̀tì ò fún wọn láyè ìyẹn. Ooru ni wọ́n fi tẹ gbogbo ẹ̀ pọ̀, hóró kan ni gbogbo ẹ̀, kò sóhun tí wọ́n fẹ́ ṣà níbẹ̀. Wọ́n á jẹ kíá, wọ́n á mumi, wọ́n á jókòó, agbára tí wọn ì bá fi máa tú fídà á sì di ẹran sí wọn lára. Èyí tó ń dànù sílẹ̀ náà dín kù gan-an.

Ibi tó dùn mí sí nìyí: tẹ́ ẹ bá tú báàgì 25kg yẹn, òkè ẹ̀ á dáa, ìdí ẹ̀ á kún fún lẹ́búlẹ́bú. Mo fi asẹ́ gààrí jọ ọ́, ohun tó jò sílẹ̀ ò kéré. Mo bi ẹni tó ń tà á, ó ní "Màmá, ọ̀nà ló fọ́ ọ." Ọ̀nà kẹ̀! Hóró tó bá ti fọ́, máàṣì olówó gọbọi lẹ rà yẹn.

Ẹ má fún ọmọ adìyẹ kéékèèké o, kúrọ́mbù, ìyẹn pẹ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dìídì fọ́ sí wẹ́wẹ́, ni kẹ́ ẹ fún wọn ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Nítorí pé àwọn tó ń jẹ pẹ́lẹ́ẹ̀tì ń yára sanra, ọkàn àwọn míì kì í gbé e, omi á kún ikùn wọn, tàbí kí àkùkọ ńlá kan ṣàdédé ṣubú fẹ̀yìn lélẹ̀ kó kú. Èmi máa ń gbé fídà kúrò tí oòrùn bá ti mú. Iwe wọn náà kì í tóbi tó tàwọn tó jẹ máàṣì tí wọn ò lọ̀ kúnná, torí hóró yẹn ń tètè yọ́, àwọn kọ́sítọ́mà mi kan ti ń ráhùn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n da báàgì kan délẹ̀ lójú yín, tí wọ́n bá kọ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì, wọ́n pọ̀ ní Sábó.