Ẹ ṣọ́ra o! Ìyẹ̀fun àgbàdo ni wọ́n tà fún mi ní jẹ́látìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe suwíìtì nílé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá mọ́ọ̀dù ńlá tí wọ́n fi ń ṣe gọ́mì béárì, ìyẹn suwíìtì rírọ̀ tó rí bí ẹranko béárì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti gba ₦35,500 lọ́wọ́ mi. Owó àjọ ni. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dá a.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́jọ lóṣù tó kọjá. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo béárì gọ́mì ńlá kan lórí fóònù mi, èyí tó tóbi tó ọmọ ìkókó, tí wọ́n máa ń fi ọ̀bẹ gé jẹ. Ó ní òun ò fẹ́ kéèkì lọ́dún yìí, béárì lòun fẹ́. Mo ní kò sí wàhálà, màá ṣe é fún un. Mo mọ gọ́mì í ṣe o! Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣe kéékèèké, tí mò ń tà á fáwọn ọmọ ilé ìwé ládùúgbò wa n'Íbàdàn, kò sì sẹ́ni tó dá a padà rí. Mo tètè sọ èyí torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ohun tí obìnrin tó ta mọ́ọ̀dù àti jẹ́látìn fún mi sọ ni pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Orí WhatsApp ni mo ti rí i, nínú gúrúùpù àwa tá à ń ra èèlò kéèkì. Ó gbé fọ́tò béárì pupa kan síbẹ̀, ẹnì kan gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Ó ní mọ́ọ̀dù òun gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó ń gba lítà kan àtààbọ̀. Ó ní ojúlówó sílíkóònù ni, ìyẹn nǹkan rírọ̀ bíi rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe mọ́ọ̀dù, láti Jámánì. Ọ̀rọ̀ Jámánì yẹn ló mú mi. Mo ti kà á rí pé ìlú Bonn ní Jámánì ni béárì gọ́mì ti bẹ̀rẹ̀, pé Hans Riegel ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1922. Mo wá rò ó lọ́kàn mi pé ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ mọ́ọ̀dù rẹ̀ í ṣe dáadáa. Ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ ló kó bá mi.

Ó tún ní òun ní jẹ́látìn, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi awọ àti egungun ẹran ṣe, tó máa ń mú kí gọ́mì dì, bloom 250. Ẹni tí kò bá mọ̀, bloom ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ bí jẹ́látìn ṣe máa dì tó. Bó bá ṣe ga tó ni suwíìtì ṣe máa le tó, béárì ńlá sì nílò èyí tó ga, kó lè dá dúró. Obìnrin yìí mọ ohun tó yẹ kó sọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ti màlúù ni àbí ti ẹlẹ́dẹ̀? Mùsùlùmí ni wá o." Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Ti màlúù ni, hàláàlì ni. Mi ò lè ta ohun tí èmi fúnra mi ò lè jẹ."

Mọ́ọ̀dù, ₦18,500. Jẹ́látìn ìdajì kílò, ₦14,000. Owó wébíìlì láti Èkó dé Ìwó Road, ₦3,000. Mo ní kí n san ìdajì, kí n san ìyókù tọ́jà bá dé. Ó ní rárá, pé àwọn kan ti gba ọjà òun lọ rí láìsanwó, pé ọmọ méjì lòun ń dá tọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Àní èmi ni mò ń káàánú rẹ̀! Mo sanwó náà tán pátá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò sọ fún bàbá àwọn ọmọ, torí mo mọ ohun tó máa sọ.

Ó ní ọjọ́ kejì ni ọjà máa dé. Ọjọ́ karùn-ún ló dé, Jímọ̀, ọ̀la ni ọjọ́ ìbí. Mo dúró sí gáréèjì láti aago méjì títí di aago márùn-ún, nínú oòrùn.

Nígbà tí mo tú páálí náà, mo mú rúlà ọmọ mi, mo wọn mọ́ọ̀dù. Sẹ̀ǹtímítà 17. Mo tún un wọ̀n, bóyá ojú ló ń ṣe mí. Mẹ́tàdínlógún ni. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n kọ "Made in China" sí gàdàgbà. Mi ò bá àwọn ará Ṣáínà jà o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀dù tí mò ń lò ti wá, wọ́n sì dáa. Kí ló wá dé tó fi ní láti Jámánì? Ta ló fipá mú un purọ́? Ó tún ń rùn bíi bàtà rọ́bà tuntun. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn ò lọ. Mo fún un láàárín ìka méjì, mo lọ́ ọ, ojú ibi tí mo lọ́ funfun báláú. Àwa tá à ń lo mọ́ọ̀dù mọ̀ pé tó bá ti funfun báyẹn, a máa ń fura pé wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ sílíkóònù rẹ̀.

Jẹ́látìn wá ńkọ́? Nínú ọ̀rá funfun tí wọ́n ta ní kókó ló wà. Wọ́n ya bébà pélébé, wọ́n fi bírò kọ "Gelatin 250" sí i. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ẹni tó ṣe é, kò sí ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Mo rí gbogbo rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé ṣé ojú mi fọ́ ni, ojú mi ò fọ́. Ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ mi sì ti sọ fún gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ibo ni ẹ fẹ́ kí n ti rí jẹ́látìn ní aago mẹ́jọ alẹ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí nínú abọ́ yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Jẹ́látìn gidi máa ń ní àwọ̀ bíi gààrí Ìjẹ̀bú, hóró-hóró ló sì máa ń rí lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá da omi tútù sí i, ó máa mu omi náà, hóró kọ̀ọ̀kan á wú, bí gààrí ṣe ń wú gan-an, títí gbogbo rẹ̀ á fi dì mọ́ra. Ẹ ó wá gbé e sórí omi gbígbóná, á yọ́, á ṣàn, á mọ́ gaara. Ẹ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hó, tó bá hó, agbára rẹ̀ máa dín kù.

Èyí tí mo rà, funfun ni, ó kúnná lúbúlúbú, ó sì ń dún kín-ín-kín-ín láàárín ìka. Mo wọn gíráàmù 140, mo dà á sínú omi sóbò tí mo ti sè, tó ti tutù. Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò wú. Ṣe ló silẹ̀ sísàlẹ̀ abọ́, omi sì tòrò sókè.

Ìyá mi ta ògì fún ohun tó lé lógún ọdún. Èmi ni mo máa ń bá wọn sẹ́ ẹ, èmi ni mo máa ń da omi orí rẹ̀ nù láàárọ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wò. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n, ojú mi mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ mo dúró níbẹ̀, mò ń sọ fún ara mi pé bóyá bí bloom 250 ṣe máa ń ṣe nìyẹn, torí èyí tí mo ti ń lò tẹ́lẹ̀ ò tó bẹ́ẹ̀. Èyí ló ń dùn mí ju owó lọ. Ọmọ ológì ni wọ́n ta ìyẹ̀fun àgbàdo fún!

Mo gbé e kaná. Dípò kó yọ́ kó ṣàn, ṣe ló ń ki. Ṣíbí ń dúró nínú rẹ̀. Mo da ṣúgà àti glucose sí i, mo fi citric acid sí i kẹ́yìn bó ṣe yẹ, mo dà á sínú mọ́ọ̀dù, mo gbé e sínú fìríìjì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo jí lóru lọ wò ó.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, àwọn ọmọdé mọ́kànlá dúró yí tábìlì ká. Mo dojú mọ́ọ̀dù dé tíréè, mo rọra bó o. Orí béárì kù sínú mọ́ọ̀dù. Ikùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ sórí tíréè, ó ń tàn lọ díẹ̀díẹ̀, kò dán, kò mọ́ gaara. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọmọ mi ò sunkún. Ó kàn wojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀kọ ni?"

Mo pe obìnrin yẹn níṣojú gbogbo wọn. Ó kọ́kọ́ ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni mo fi sí i. Lóòótọ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù àti ìbẹ́pẹ kì í jẹ́ kí jẹ́látìn dì, nǹkan kan wà nínú wọn tó máa ń jẹ ẹ́ run, ìyẹn náà ò sì ṣe nǹkan kan mọ́ tẹ́ ẹ bá ti sè wọ́n. Ṣùgbọ́n sóbò ni mo lò! Sóbò tí mo sè fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú! Nígbà tí mo sọ fún un, ó ní iná NẸ́PÀ ló fà á. Iná wà lóru ọjọ́ yẹn. Ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ṣẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn, ó dí ọ̀nà mọ́ mi lórí fóònù, wọ́n sì yọ mí kúrò nínú gúrúùpù. Èmi tí wọ́n lù ní jìbìtì ni wọ́n yọ!

Kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àbá ni mò ń dá, àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kán áyódíìnì sórí ìyẹ̀fun náà. Lójú ẹsẹ̀, ó di aró, ó dúdú kirikiri. Bí áyódíìnì ṣe máa ń ṣe sí sítáàṣì nìyẹn, ì báà jẹ́ ti àgbàdo, ì báà jẹ́ ti ẹ̀gẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí jẹ́látìn. Àní fọ́tò tó gbé síta gan-an, ẹnì kan ti fi hàn mí pé suwíìtì tí wọ́n ti ṣe tán, tí wọ́n ń tà l'Amẹ́ríkà ni, ó wúwo ju kílò méjì lọ. Kò ti inú mọ́ọ̀dù kankan tó ń tà jáde.

Mi ò wá mọ ohun tí wọ́n tún pò mọ́ ìyẹ̀fun yẹn. Àwọn ọmọ ti fi ìka tọ́ ọ lá kí n tó gbé e kúrò. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n!

Ní báyìí, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń tajà lórí fóònù gbọ́ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn olóòótọ́ wà, èmi náà ń tajà lórí fóònù, mi ò sì já ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń sọ "ojúlówó", gbogbo wọn ló ń sọ "hàláàlì", gbogbo wọn ló ń pè yín ní Mọ́mì. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kí n mọ̀yàtọ̀? Ẹni tó bá ń sọ pé ojúkòkòrò ló mú mi, ₦18,500 kì í ṣe owó pọ́ọ́kú lórí mọ́ọ̀dù kan ṣoṣo.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà: ẹ má sanwó tán kẹ́ ẹ tó rí ọjà. Ẹ ní kó fi rúlà wọn mọ́ọ̀dù nínú fídíò, kó sì fi ìka lọ́ ọ. Ẹ ní kó bu ṣíbí jẹ́látìn kan sínú omi tútù lójú yín, kó wú bíi gààrí. Tó bá silẹ̀ bí ògì, ẹ sá. Ẹ má ra èyí tí wọ́n tún dì sínú ọ̀rá, ẹ ra èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára. Tí wọ́n bá fẹ́ fi agar-agar, èyí tí wọ́n ń fi ewéko inú òkun ṣe, dípò rẹ̀ fún yín, ẹ mọ̀ pé kì í fà bíi gọ́mì, ṣe ló máa ń já. Àfi ìwọ̀nyẹn, orí mi ò pé débi tí mo fi lè ro òmíràn.

Bàbá àwọn ọmọ ti gbọ́. Ó ní kí n má kọ orúkọ obìnrin náà síbí kó má di ẹjọ́ sí wa lọ́rùn, mo sì gbọ́ tirẹ̀. Mò ń kọ lẹ́tà sí FCCPC, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwa oníbàárà. Rìsíìtì owó tí mo san wà lọ́wọ́ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ tá a jọ sọ wà lórí fóònù mi, ìyẹ̀fun tó ṣẹ́ kù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó lé ní gíráàmù 300, mi ò dà á nù. Ẹni tó bá ti ra mọ́ọ̀dù béárì "láti Jámánì" lọ́wọ́ obìnrin kan l'Ékòó tó ń dá ọmọ méjì tọ́, kó kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé, kó fi rìsíìtì tirẹ̀ sí i, ká lè fi orúkọ wa pọ̀ sínú lẹ́tà kan náà.