Ààrò Gáàsì Alájà Méjì àti Ẹ̀rọ Ìpo-kéèkì Lítà 10: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Ọdún Kan

Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gba kéèkì ayẹyẹ lọ́wọ́ mi ní mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan, ààrò kékeré tó wà lábẹ́ sítóòfù gáàsì ilé wa ní Mọ́kọ́lá kò kájú iṣẹ́ náà mọ́, nítorí páànù méjì péré ni inú rẹ̀ ń gbà, mo sì máa ń fi òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú kí iṣẹ́ tó parí. Èyí ló mú mi náwó sí ẹ̀rọ ìpo-kéèkì lítà 10, ààrò gáàsì alájà méjì tí àwọn wẹ́dà ń ṣe níbí ní Ìbàdàn, páànù tuntun àti òṣùwọ̀n.

Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ rà, ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti ṣì í. Ààrò ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ rà, nítorí iye páànù tí ààrò bá gbà ló máa sọ iye tó yẹ kí ẹ pò. Kílò 1 fúláwà, kílò 1 bọ́tà, kílò 1 ṣúgà àti nǹkan bí ẹyin 20 máa ń fún mi ní kílò 4, èyí tó ń kún páànù mẹ́rin tó fẹ̀ tó íǹṣì 8, tó sì jìn tó íǹṣì 2, dé ìdá méjì nínú mẹ́ta. Inú ààrò mi fẹ̀ tó íǹṣì 20 níbùú lóròó, nítorí náà páànù mẹ́rin náà jókòó sórí àjà kan, àlàfo tó lé ní íǹṣì 1 sì wà láàárín wọn kí ooru lè rí ọ̀nà gbà. Bí mo bá po ju ohun tí ààrò gbà lọ, ìyókù á máa dúró nínú abọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bẹ́kìn páúdà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ látìgbà tí omi ti kàn án. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ á ti jáde kí páànù tó wọlé, kéèkì náà sì lè má wú dáadáa.

Ìdí nìyí tí lítà 10 fi pọ̀ jù fún mi. Àpòpọ̀ àjà kan kò kún un dé ìdajì, ti àjà méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un dé ẹnu, kò sì ṣe é pò láìtú dànù. Lítà 7 ìbá ti tó. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá tó tà á fún mi ní Ògùnpa pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó lè po ìyẹ̀fun búrẹ́dì?” Wọ́n ní, “Ìyàwó mi, kò sí ohun tí kò lè pò.” Òótọ́ ni pé ó ń na bọ́tà àti ṣúgà títí á fi funfun, tí á sì fúyẹ́ bí òwú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi po kílò 3 ìyẹ̀fun búrẹ́dì, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbóná débi pé n kò lè gbé ọwọ́ lé e, mo sì ń gbọ́ òórùn iná. Ẹ má ṣe jẹ́ kí 1500 wáàtì tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ tàn yín. Iye iná tó ń jẹ ni, kì í ṣe agbára tó ń dé ibi irin ìpò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò pé 1 kVA kò sì lè gbé e rárá.

Ààrò náà ni mo fẹ́ràn jù lọ, síbẹ̀ òun náà ló gba sùúrù mi jù. Lọ́jọ́ tí mo gbé e délé, mo to búrẹ́dì tí a ti gé sórí tíréè méjèèjì, mo tan ooru rẹ̀ dé dígírì 180, mo sì fi wọ́n síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Àwọn tó wà ní igun òsì lẹ́yìn ti dúdú bí èédú, àwọn àárín pọ́n dáadáa, àwọn tó sún mọ́ ilẹ̀kùn sì funfun bí ìgbà tí mo gbé wọn síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan etí ilẹ̀kùn, ooru ń jáde. Wẹ́dà náà wá fi òwú tí kì í jó kún inú rẹ̀, ó sì tún ìdè rẹ̀ ṣe, àmọ́ igun òsì yẹn ṣì gbóná ju ìyókù lọ títí dòní. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń yí páànù padà tó bá ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n á jinná. N kì í ṣí ilẹ̀kùn ṣáájú ìgbà yẹn, kí àárín kéèkì má baà rì.

Aago ooru tó wà lójú ilẹ̀kùn kò ṣeé gbára lé. Ó ń ka 200 nígbà tí èyí tí mo fi kọ́ sínú ààrò ń ka 165. Ẹ ra èyí tó ṣeé fi kọ́, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ sì máa wo àwọ̀ iná: tó bá jẹ́ búlúù, ó ń jó geere, tó bá pọ́n rúsúrúsú tó sì ń mú èédú bá ìdí tíréè, afẹ́fẹ́ kò tó o, èéfín rẹ̀ sì lè pani. Fèrèsé mi kì í wà ní títì tí ààrò bá ń jó.

Ní ti páànù, alumíníọ́mù tó ń dán tó sì nípọn ni kí ẹ rà. Páànù dúdú máa ń fa ooru jù, etí kéèkì á gbẹ kí àárín tó jinná.

Òṣùwọ̀n ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo wọn, n kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí i mọ́. Ẹyin 20 láti inú kéréètì kan lè pé kílò 1 lẹ́yìn tí mo bá fọ́ wọn, kí ti kéréètì kejì má pé gíráàmù 850. Ní báyìí, mo ń wọn ẹyin bí mo ṣe ń wọn fúláwà, kéèkì àkọ́kọ́ àti ìkẹrìnlélógún sì ń rí bákan náà.

Ohun kan ṣoṣo tí n kò rà lásìkò ni irin olójú àwọ̀n tí wọ́n ń gbé kéèkì lé kó lè tutù. Mo wé kéèkì mẹ́jọ sínú ọ̀rá nígbà tí ìdí wọn ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n làágùn mọ́jú, èyí tó kù nílé sì ti bu lọ́jọ́ kẹta. Mẹ́ta ni mo ní báyìí, wákàtí méjì gbáko ni kéèkì sì ń lò lórí wọn kí n tó mú ọ̀rá.